Álọ́ọ̀mù Tí Màámi Dà Sómi Àjàgbé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ súnmọ́bí kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nínú pálọ̀ ara mi! Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ tán.

Ẹ mọ̀ pé mo ń sin ẹja. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sè. Ẹyọ kan péré ni, inú gíláàsì ńlá kan ní pálọ̀ mi l'Ádó níbí ló ń gbé. Pléko ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, Gúúsù Amẹ́ríkà ni ìran rẹ̀ ti wá. Ìbátan àrọ̀ ni, àmọ́ ara tirẹ̀ le koránkorán bí ẹni wọ ẹ̀wù irin, ó sì ní ẹ̀gún lápá. Ìsàlẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ wà. Ó máa ń fi lẹ̀ mọ́ gíláàsì, á sì máa lá a láti àárọ̀ dalẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, màámi ṣubú nílé rẹ̀ n'Ígèdè. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ ríru lè ṣe fún àgbàlagbà tó ń dá gbé, ni mo bá lọ gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Ṣé ẹ rò pé ó gbà wọ́ọ́rọ́wọ́? Ojoojúmọ́ ló ń sọ pé òun fẹ́ máa lọ sí "ulé" òun. Ojúlówó ará Èkìtì ni màámi: ulé ni ilé, ugi ni igi. Báàgì rẹ̀ kò kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, aṣọ rẹ̀ kò sì kúrò nínú báàgì. Ẹ̀rù ń bà mí pé lọ́jọ́ kan màá ti ibi iṣẹ́ dé, màá bá yàrá lófìfo.

Ẹja yìí ló bá mi dá a dúró. Lákọ̀ọ́kọ́, màámi ní kí ni èèyàn ń fi ẹja tí kò ṣeé jẹ ṣe. Nígbà tó yá, mo rí i tó wọ́ àga lọ síwájú gíláàsì. Ó sọ ẹja ní Àjàgbé! Ó ń kí i láàárọ̀ kó tó dá èmi tó bí lóhùn. Èmi a máa gé kùkúḿbà àti ẹlẹ́gẹ̀dẹ̀ fún un, màámi mú òkèlè iyán fẹ́ jù ú sómi, ó ní ta ló ń gbé Èkìtì tí kì í jẹ iyán? Mo bẹ̀bẹ̀ títí kó tó dá òkèlè náà padà sẹ́nu ara rẹ̀. Báàgì ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ Ìgèdè ti ń dín kù.

Pléko máa ń họ igi jẹ, ìdí nìyẹn tí mo fi ri kùkùté igi kan sínú omi rẹ̀. Igi yẹn ló ń jẹ́ kí omi náà pọ́n bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí. Kò ṣe ẹja ní nǹkan kan, bó ṣe fẹ́ ẹ gan-an nìyẹn. Mo ṣàlàyé fún màámi, ó ní òun ti gbọ́. Ó gbọ́ lóòótọ́, kò kàn gbà ni.

Ní Sátidé kan, àwọn ìyá ìjọ Kátólíìkì láti Ìgèdè ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá kí màámi nírọ̀lẹ́. Mo lọ síṣẹ́ àárọ̀. Nígbà tí mo dé lọ́sàn-án, omi ẹja mọ́ gaara! Màámi jókòó síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní òun ò fẹ́ kí àlejò wá sọ pé ọ̀bùn ni ọmọ òun. Ó ní òun lọ álọ́ọ̀mù, òun sì dà á sí i, bí a ṣe ń dà á sínú dúrọ́ọ̀mù omi kí ìdọ̀tí lè rọlẹ̀.

Álọ́ọ̀mù kẹ̀, tí kì í jẹ́ kí ẹja mí dáadáa! Àjàgbé ń lọ sókè omi, á já afẹ́fẹ́ gbà, á tún já wálẹ̀ lójijì, á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo pariwo.

"Màámi, ẹ ti pa á!"

Màámi sún àga rẹ̀ sẹ́yìn. Ó dìde, ó lọ gbé báàgì lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ nígbà tó sọ pé àgbà tó bá ti ń ba nǹkan ọmọ jẹ́, ulé rẹ̀ ló yẹ kó wà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ẹja ń kú lọ, ìyá ń lọ. Èwo ni n óò kọ́kọ́ dì mú?

Mo pe ọ̀rẹ́ mi kan l'Ákúrẹ́ tó ń sin irú ẹja yìí. Ó ní kí n má fi àwọ̀n gbé e rárá, torí ẹ̀gún rẹ̀ á há, kí n fi abọ́ bù ú, kí n gbé e sínú omi tí kò rí álọ́ọ̀mù. Ó ní kí n má sọ̀rètí nù, pé pléko lè fi afẹ́fẹ́ òkè omi gbé ara rẹ̀ ró fúngbà díẹ̀. Mo sáré fa omi nínú kànga ẹ̀yìnkùlé, mo pọn ọ́n kún báàfù ńlá, mo gbé e sáàárín pálọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé abọ́ sún mọ́ Àjàgbé, á yọ́ bọ́.

Ni màámi bá ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ omi. "Àjàgbé, dákun, ọmọ mi, wá." Ó rọra darí rẹ̀ sínú abọ́ mi. Ẹ̀gún gún un lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ ń jáde, kò tiẹ̀ wò ó. Mo fọ kùkùté igi náà, mo gbé e tì í nínú báàfù. Abẹ́ rẹ̀ ni Àjàgbé wọ̀ lọ, a ò rí i mọ́.

Ibẹ̀ ni a wà tí àwọn àlejò fi dé. Ọ̀kan nínú wọn bojú wo báàfù, ó béèrè bóyá ẹja tí a fẹ́ sè fún wọn nìyẹn. Màámi ò rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi ni. Ara rẹ̀ ò yá. Ẹ bá mi gbàdúrà."

Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn ìyá náà yọ rósárì, wọ́n sì yí báàfù ká! Torí pléko! Èmi tí mo ti ń sunkún, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Wọn ò tíì gbàdúrà tán tí Àjàgbé fi yọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ igi, ó fẹnu lẹ̀ mọ́ ara báàfù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá a. Màámi fi etí ìró bojú, ó sunkún bí ọmọdé.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ torí ariwo tí mo pa lé e lórí. Ó ní kò sí nǹkan kan. Ó wá béèrè pé tí mo bá lọ síṣẹ́, ta ni yóò máa wo Àjàgbé títí ara rẹ̀ á fi yá dáadáa. Mo ní kò sẹ́nì kankan. Ó fa báàgì náà mọ́ra, ó tú u. Ó ní kí n bá òun wá hángà.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kí èèyàn tó jágbe mọ́ òbí, kó kọ́kọ́ wo ohun tó wà lọ́kàn wọn. Nítorí mi ni màámi ṣe lọ álọ́ọ̀mù yẹn. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni òbí yín ti fìfẹ́ bà jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́ rí? Ẹ sọ ọ́ fún wa, èmi àti màámi la ó jọ kà á.

Àjàgbé ti padà sínú gíláàsì rẹ̀ pẹ̀lú igi rẹ̀, omi sì ti tún pọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wá kí wa, ẹ má sọ pé omi wa dọ̀tí o. Aládùúgbò wa kan dán an wò lánàá, màámi ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Kò dọ̀tí. Ugi ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí Àjàgbé ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn."