Erùpẹ̀ Tí Àbúrò Mi Sá Sórí Páànù

Ọ̀dọ̀ ọmọ mi ní Ajah ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí ni oko bàbá wa wà. Àbúrò mi obìnrin nìkan ló kù tó ń dáko níbẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ewé tuntun tó ń yọ láàárín àgbàdo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Ó bu erùpẹ̀ lọ fún àwọn tó ń yẹ ilẹ̀ wò. Wọ́n ní ilẹ̀ náà kan bí ọsàn kíkan, ṣùgbọ́n síńkì, tí àìtó rẹ̀ máa ń mú ewé àgbàdo funfun, pọ̀ nínú rẹ̀ dáadáa. Ni ẹbí bá ní, bí síńkì bá pọ̀ tí ewé ṣì ń funfun, a jẹ́ pé ilẹ̀ ti kú, kí wọ́n tà á. Ilé ìwòsàn ni mo wà nígbà náà. Wọ́n tà á, wọn ò sọ fún mi.

Nígbà tí ara mi yá, mo lọ bá a lẹ́bàá oko.

“Níbo lo sá erùpẹ̀ náà sí kó tó gbẹ?”

“Páànù tuntun ni mo tẹ́, Ẹ̀gbọ́n mi. Mo fọ̀ ọ́ tónítóní. Ṣé onísùtánà ìjọ aláṣọ funfun bíi tèmi ló máa fọwọ́ kan ìdọ̀tí?” Ó rẹ́rìn-ín. “Àbí Dókítà Iyẹ̀pẹ̀ tún fẹ́ bá mi jà ni?” Orúkọ tó máa fi ń ṣẹ̀fẹ̀ pè mí nìyẹn.

Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì. Síńkì ni ohun dídán tí wọ́n fi bo ara páànù, erùpẹ̀ kíkan tó tutù a sì máa jẹ ẹ́.

Ní yunifásítì tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ilẹ̀, orí bébà la ti ń sá erùpẹ̀, àsẹ́ ọ̀rá la fi ń jọ̀ ọ́. Ásíìdì la fi ń ṣan ìgò. A óò po erùpẹ̀ mọ́ ásíìdì fẹ́ẹ́rẹ́, a óò mì í, a óò sẹ́ ẹ, a óò fín omi rẹ̀ sínú iná ẹ̀rọ tó ń wọn síńkì inú rẹ̀. Òórùn ásíìdì yẹn ṣì ń ta sí mi nímú. Ọ̀dọ́ ni wá. A rò pé ọwọ́ wa ni ebi ilẹ̀ yìí máa tán sí.

“Síńkì ara páànù ni wọ́n wọ̀n,” mo wí fún un. “Àìtó síńkì gan-an ló ń ṣe àgbàdo rẹ. Ìwọ̀nba síńkì díẹ̀ là bá fi sí i.”

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Katakata àwọn tó ra ilẹ̀ náà ti hú gbogbo igi àgbọn tó wà níwájú wa, wọ́n sì ti ń da yanrìn lé ebè.

“Ilẹ̀ náà ò kú nígbà náà?”

“Kò kú.”

“Kí ló wá dé tí ẹ fi sọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n mi? Ẹ bá jẹ́ kí n máa rò pé ó ti kú.”

Típà mìíràn ń fẹ̀yìn wọlé. A yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún un.