Okùn Ilẹ̀kùn Mọ́tò Bàbá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí orí mi kò tíì ga ju ọwọ́ ilẹ̀kùn mọ́tò lọ, bàbá mi ra mọ́tò kan tó dá awuyewuye sílẹ̀ nínú ilé wa ní Ìkàré. Irú èyí tí wọ́n ṣe fún eré sísá ni. Ilẹ̀kùn méjì, àga méjì, ó sì kúrú nílẹ̀ débi pé ewúrẹ́ lè yọjú wo inú rẹ̀ láìna ọrùn. Olùkọ́ òyìnbó kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ ló tà á fún un. Òyìnbó náà ti lò ó gbó, ṣùgbọ́n bàbá mi, tí òun náà jẹ́ tíṣà, ń wò ó bí ẹni ń wo ìyàwó tuntun. Ìyá mi yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, mọ́tò ẹlẹ́ni méjì, ilé ẹlẹ́ni mẹ́jọ. Ta lẹ fẹ́ fi sílẹ̀ nínú wa?" Bàbá mi kàn rẹ́rìn-ín.

Kí n má purọ́ fún yín, ẹ́ńjìnnì mọ́tò náà kò ní àìsàn kankan. Wẹ́wẹ́ ni wàhálà rẹ̀, àmọ́ wẹ́wẹ́ náà pọ̀. Bí bàbá mi bá yí síárìn sí òsì, fèrè á dún fúnra rẹ̀, àwọn ará àdúgbò á sì máa dáhùn pé, "Ẹ káàbọ̀ o, tíṣà," wọ́n rò pé ó ń kí wọn ni. Aṣọ ni wọ́n fi ṣe orí rẹ̀, ó sì ń jò. Wípà tó wà níwájú ẹni tó ń wakọ̀ kì í mira, ti ẹ̀gbẹ́ kejì ló ń ṣiṣẹ́, nítorí náà bí òjò bá ń rọ̀, ẹni tó bá jókòó ti bàbá mi ni yóò máa sọ ohun tó wà lọ́nà fún un. Èyí tó wá burú jù ni ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì yẹn. Ahọ́n irin tó yẹ kó gbá a mú ti jẹ tán. Bí ẹ bá tì í, á tì, ṣùgbọ́n bí mọ́tò bá ti kó sí kòtò, á ṣí gbayawu. Bàbá mi so okùn ewúrẹ́ mọ́ ọn, ó ní kí ọmọ kan wá máa dì í mú. Kí àwọn yòókù tó dìde, mo ti wà nínú mọ́tò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Èmi ni ìkẹrin nínú ọmọ mẹ́fà. Àwọn tó ṣáájú mi ti ń bá bàbá mi sọ̀rọ̀ ìwé, àwọn tó tẹ̀lé mi ṣì kéré, ẹ̀yìn ìyá mi ni wọ́n wà. Èmi ni ẹni tí wọ́n máa ń pe orúkọ gbogbo ilé kí wọ́n tó rántí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Sátidé, bàbá mi a máa lọ sí Òkè Ọ̀kà lọ kí ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyé, èmi ni mo sì máa ń di okùn. Lójú ọ̀nà, á kọrin, á bi mí ní ohun tí mo rò nípa èyí àti tọ̀hún, bí ẹni pé àgbà ni mí. "Ọ̀gá Ilẹ̀kùn" ló ń pè mí. Bí a bá dé kọ́nà orí òkè, á kígbe pé, "Ọ̀gá Ilẹ̀kùn, dì í o!" Èmi náà á fẹ̀yìn ti àga, n ó fa okùn títí ọwọ́ mi á fi pupa. Kò sí adùn tó jùyẹn lọ láyé mi nígbà náà.

Àṣé ìṣòro ń bọ̀. Bàbá mi kì í ṣe ẹni tó ń fi nǹkan sílẹ̀ láìtún un ṣe. Á ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, á sì fẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́ mọ́tò náà ní ìrọ̀lẹ́. Ó tú wáyà fèrè, ó fi rọ́bà wé e, fèrè sì gbọ́ràn. Ó pe aránbàtà kan, onítọ̀hún fi tapólì lẹ orí mọ́tò tó ń jò. Inú gbogbo ilé ń dùn. Ọjọ́ tí wípà ọ̀dọ̀ rẹ̀ mira, ìyá mi pàtẹ́wọ́, èmi bọ́ sẹ́yìn ilé lọ jókòó. Iṣẹ́ mi kan ti lọ nìyẹn, ó ku ilẹ̀kùn.

Ojú ń dun Ìyé lákòókò yẹn, bàbá mi sì fẹ́ mú un wá rí dókítà ní Ìkàré. Màmá àgbà náà fárígá. Ó ní òun kò lè jókòó sínú ohun tí wọ́n fi okùn dè bí ẹran. "Ọjọ́ tí ilẹ̀kùn yẹn bá di ara rẹ̀ mú, n ó tẹ̀lé ọ dé ulé rẹ." Bàbá mi wá ahọ́n irin náà dé Ìbàdàn, kò rí i rà. Níkẹyìn, ó gbé èyí tó jẹ lọ bá alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ọkọ́ àti àdá fún àwọn àgbẹ̀. Bàbá yẹn yí i wò lọ́wọ́, ó ní irin ni irin ń jẹ́, ó sì rọ òmíràn. Nọ́ọ̀tì méjì ni wọ́n fi dè é mọ́ ilẹ̀kùn. Ó tì gbì. Bàbá mi tú okùn, ó dá a padà sọ́rùn ewúrẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí mo ṣe ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tí bàbá mi máa lọ mú Ìyé wá, ó tó ọdún mélòó kan kí n tó lè sọ ọ́ fún ẹni tí kò kàn. Mo mú sípánà bàbá mi, mo tú nọ́ọ̀tì méjèèjì, n kò yọ wọ́n, mo kàn dẹ̀ wọ́n. Èrò mi ni pé bí ó bá ti ilẹ̀kùn láàárọ̀, yóò kọ̀, yóò sì pè mí pé kí n mú okùn wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀, ó tì í lẹ́ẹ̀kan, ó dún gbì, bàbá mi sì wa mọ́tò lọ ní òun nìkan, nítorí Ìyé ni yóò jókòó síbi tí mo máa ń jókòó sí nígbà àbọ̀.

Ìgbà tí eruku rẹ̀ pòórá ni ojú mi tó là. Mo rí Ìyé nínú ọkàn mi, mo rí kọ́nà òkè Ọ̀kà, mo rí nọ́ọ̀tì méjì. Ìyá mi ti lọ sọ́jà. Kò sí fóònù nígbà náà tí ènìyàn á fi pe ẹni tó wà lọ́nà. Mo tú ewúrẹ́ sílẹ̀, mo gba okùn lọ́rùn rẹ̀, mo sì kọrí sí ọ̀nà Ọ̀kà lẹ́sẹ̀. Mo ń sáré, mo ń rìn, mo ń sunkún, mo ń bẹ Ọlọ́run. Oòrùn ti wọ̀ mí lágbárí kí n tó rí mọ́tò náà tó ń bọ̀ lókèèrè, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó gbé ẹyin.

Ìyé wà nínú rẹ̀. Ó ti tú ìborùn rẹ̀, ó fi so ilẹ̀kùn mọ́ àga, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í. Ní kọ́nà kìíní ni ilẹ̀kùn ti ṣí. Iṣu mẹ́ta tó gbé sẹ́sẹ̀ rẹ̀ yí bọ́ sílẹ̀, wọ́n gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè lọ, wọ́n fọ́ yángá. Bàbá mi ló fi ọwọ́ kan gbá ìyá rẹ̀ mú.

Bàbá mi dúró, ó sọ̀kalẹ̀. Ó wo okùn ọwọ́ mi, ó wo ẹsẹ̀ mi tó kún fún eruku. Ó ti yé e ẹni tó tú nọ́ọ̀tì. Èmi ni mo sọ ìdí rẹ̀ fúnra mi pé, "Bí ilẹ̀kùn bá ti dára, ẹ ò ní mú mi dání mọ́." Ẹkún ni mo fi parí rẹ̀.

Ó lóṣòó síwájú mi. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé ilẹ̀kùn ni mo ń mú lọ sí Ọ̀kà láti ọjọ́ yìí?"

Ìyé ló fọhùn láti inú mọ́tò pé, "Fún un ní irin yẹn kó dè é. Uṣu mi mẹ́ta ló fọ́, orí mi ni ì bá fọ́." Bàbá mi fún mi ní sípánà. Mo de nọ́ọ̀tì méjèèjì níbẹ̀, lẹ́bàá ọ̀nà, pẹ̀lú omi lójú. Ó ti ilẹ̀kùn wò lẹ́ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kún iṣẹ́ mi. Ìyé sún, ó fà mí sórí itan rẹ̀ tó le bí igi, àwa mẹ́ta sì há mọ́ àga méjì dé Ìkàré. Wọn kò nà mí. Sátidé tó tẹ̀lé e, bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ọ̀gá Ilẹ̀kùn, ṣé o ò lọ ni?"

Ayé ti yí padà. Mọ́tò òde òní ń ti ara rẹ̀, bí ilẹ̀kùn kò bá dé dáadáa, á pariwo. Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Àkúrẹ́ ra tòkunbọ̀ kan láìpẹ́ yìí, ẹlẹ́ni méjì tó kúrú bíi ti ìjọ́sí. Wẹ́wẹ́ ni wàhálà tirẹ̀ náà: gíláàsì tí kò fẹ́ gòkè, iná kan tí kì í kú níwájú síárìn. Mẹkáníìkì tó gbọ́ èdè rẹ̀ wà ní Ìkàré níbí, nítorí náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń wá, bí wọ́n bá sì ti ṣe é tán, á gbé mi lọ sí Ọ̀kà ká gba afẹ́fẹ́. Ní Sátidé kan, ó wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní, "Màmá, ó tán. Kò sí ohun tó ń ṣe é mọ́." Mo ní a dúpẹ́. Ẹnu mi ló dúpẹ́ o, inú mi kò dúpẹ́ rárá. Bí mo ṣe dàgbà tó yìí, mo tún ń wá sípánà lọ́kàn mi.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo gbọ́ fèrè. Mo dìde, mo bi í pé kí ló tún bàjẹ́.

"Kò sí o, Màmá," ó wí, ó sì na ọwọ́ ṣí ilẹ̀kùn fún mi láti inú. "Ẹ wọlé, ẹ jẹ́ ká lọ."