Tíì Kì í Ṣe Oúnjẹ

Lẹ́yìn ilé ìwòsàn ojú kan ní ìlú Sfax, ní Tùnísíà, ilé alájà mẹ́rin kan wà tí onílé rẹ̀ kì í fi nọ́ńbà pe àwọn yàrá rẹ̀. Àìsàn ló fi ń pè wọ́n. Ilé Orúnkún wà nísàlẹ̀, Ilé Kíndìnrín kọjú sí i, Ilé Ọ̀pá-ẹ̀yìn wà lókè wọn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ títí dé òrùlé. Líbíà ni gbogbo ayálégbé ibẹ̀ ti wá gba ìtọ́jú. Bí ẹnì kan bá sín nísàlẹ̀, ènìyàn mẹ́tàdínlógún ni yóò ti ṣàdúrà fún un kí imú rẹ̀ tó gbẹ.

Alhájà Màsúdá ló wà ní Ilé Ojú, òun àti Fáráji, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà á wá láti Gàríyàn, ìlú wọn lórí òkè. Àwọ̀ funfun kan ti bo ẹyinjú Alhájà méjèèjì. Ó máa ń mọ̀ pé nǹkan dúró níwájú òun, ṣùgbọ́n bóyá ènìyàn ni tàbí àga, ó dìgbà tí nǹkan náà bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti kí fìríìjì onílé, ó sì ti bá a yodì nítorí kò jẹ́ òun lóhùn.

Ohun tó gbé e wá kò ju ẹyọ kan lọ. Náwálì, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ń relé ọkọ, ọjọ́ mẹ́rìnlá péré ló sì kù. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí Alhájà ti rí ojú ọmọ náà gbẹ̀yìn.

"Mo fẹ́ rí i kó tó lọ," ló ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá gbọ́, títí kan fìríìjì. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa júwe ọmọ mi fún mi bí ẹni ń júwe ọ̀nà ọjà."

Dókítà Zúhèrì ní iṣẹ́ ojú náà ò le. Ẹyọ ojú kan ni yóò kọ́kọ́ ṣe, yóò sì parí kí omi tó hó. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ Alhájà ló le. Ó gbọ́dọ̀ wálẹ̀ sí ọgọ́sàn-án kí abẹ tó kan ojú rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, igba àti ọgọ́ta ni. Lọ́jọ́ kẹta, igba àti ọgọ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n pe ọ̀ọ́dúnrún, nọ́ọ̀sì sì gbọn ẹ̀rọ náà bóyá orí rẹ̀ ló dàrú.

"Màmá, kí lẹ jẹ lánàá?" ni dókítà bi í.

"Búrẹ́dì ọkà báálì. Ẹja díẹ̀. Omi."

"Kí lẹ tún jẹ?"

"Àdúrà."

"Àdúrà kì í gbé ṣúgà sókè, Màmá."

"O ò tíì gba irú tèmi ni."

Fáráji búra pé òótọ́ ni. Ó ti kó gbogbo dàbínù àti oyin ilé sínú bútù ọkọ̀, ó tì í pa, ó sì ń sùn lé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Dókítà wo ìyá, ó wo ọmọ, ó wo ìwé. "Ọjọ́ Túsìdeè tó ń bọ̀ ni mo lè ṣiṣẹ́ yìí mọ," ó ní. "Tó bá kọjá ọjọ́ yẹn, mò ń lọ fún ìsinmi, ó di ẹ̀yìn ìgbéyàwó."

Ohun tí Alhájà ń ṣe lẹ́yìn ilé ìwòsàn lójoojúmọ́ kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú. Aláìsàn ló ń kí. Ní Gàríyàn, ẹni tó bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà aláìsàn láì wọlé, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ni wọn yóò máa gbọ́ ọ. Nínú ilé tí gbogbo ènìyàn ti ń ṣàìsàn wá ńkọ́? Ẹni tí wọ́n bá kí láàárọ̀ á dìde nílẹ̀ àìsàn lọ dá ìkíni padà lọ́sàn-án. Nígbà mìíràn olùkíni méjì á pàdé lórí àtẹ̀gùn, ọ̀kan lórí ọ̀pá, èkejì pẹ̀lú àpò ìtọ̀ lọ́wọ́, wọn á sì jókòó kí ara wọn níbẹ̀. Inú wọn ń dùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn mìíràn fi ń gbàdúrà kí ara wọn má tètè yá.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ ni Alhájà pe dókítà wá jẹ kúsúkúsù. Dókítà kò tíì gun àtẹ̀gùn kìíní tí wọ́n fi wọ́ ọ sínú Ilé Orúnkún, níbi tí Alhájì Búsérì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba orúnkún irin, ti ń gbàlejò. Alhájà Màsúdá wà níbẹ̀, ife kékeré kan lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀pà ń léfòó lórí rẹ̀.

"Màmá, kí nìyẹn?"

"Èwo?"

"Èyí tó wà lọ́wọ́ yín."

"Tíì ni."

"Ẹ ò sọ fún mi pé ẹ ń mu tíì."

"O ò bi mí. Ohun tí mo jẹ lo bi mí. Tíì kì í ṣe oúnjẹ."

"Ọ̀wọ̀ ni, dókítà," ni Alhájì Búsérì fi tì í lẹ́yìn. Gbogbo ilé mirí.

Dókítà tọ́ díẹ̀ wò. Tíì náà ki bí èédú tí wọ́n pò mọ́ omi, ó sì dùn débi pé eyín rẹ̀ kan tó ti dákẹ́ láti ọdún tó kọjá jí sọ̀rọ̀. Ife mẹ́ta ni fún àlejò kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kẹta pẹ̀lú ẹ̀pà. Ẹni tó bá mu ẹyọ kan tó dìde ti pe onílé ní ahun. Ẹni tó bá mu méjì ti sọ pé aláìsàn náà ò ní pẹ́ lọ.

"Ilé mélòó lẹ ń kí lójúmọ́?"

"Mẹ́fà péré. Mo ti dàgbà."

"Ife méjìdínlógún," ni dókítà wí, ó sì di orí mú. "Màmá, oko ìrèké kan lẹ ń mu lójoojúmọ́."

"A ti ń bú omi Tùnísíà láti ọjọ́ yìí," ni ọkùnrin tó ń gbé Ilé Kíndìnrín, tí wọ́n ń fi orúkọ yàrá rẹ̀ pè, sọ láti igun yàrá. Kí dókítà tó parí ìwàásù rẹ̀, ife kẹta ti wà lọ́wọ́ òun náà, ó sì ń jẹ ẹ̀pà rẹ̀.

Fáráji ní kí ìyá òun ti ilẹ̀kùn mọ́rí kó má kí ẹnikẹ́ni mọ́. Ìmọ̀ràn burúkú ni. Kò tó wákàtí kan tí gbogbo ilé fi gbọ́ pé Alhájà ò jáde, ó ní láti jẹ́ pé àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára. Wọ́n dà gìrìgìrì wọlé láti kí i, wọ́n sì gbé kẹ́tùlù tiwọn dání kó má baà ṣe wàhálà. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rọ pe ọ̀ọ́dúnrún àti ogún.

"Màámi, ẹ kàn sọ pé ẹ ò mu."

"Kí n lọ sí ilé ènìyàn kí n kọ tíì? Ìwọ ni mo bí ṣá?"

Ó jókòó, ó ronú. Nígbà tó ṣe, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó béèrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ pé, "Ẹni tó ń da tíì fún àlejò, ta ló ń wo ife tirẹ̀?"

Fáráji ronú kan Gàríyàn lọ, ó ronú bọ̀. "Kò sẹ́ni tó ń wò ó."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Alhájà wọ Ilé Orúnkún, kò jókòó síbi àlejò, ìdí àtẹ tíì ló gbà lọ. "Ẹ sún, Alhájì. Tíì yín ò ní ìfófò. Tí ó bá dé Gàríyàn, ẹlẹ́wọ̀n la máa gbé e fún."

"Alhájà, omi gbígbóná nìyẹn. Ẹ̀yin ná tí ẹ kí fìríìjì?"

"Etí ni mo fi ń da tíì. Kódà nígbà tí mo ríran, etí ni."

Ó gbé kẹ́tùlù dé òkè orí rẹ̀, kí tíì tó ń já bọ́ láti òkè lè ní ìfófò. Gbogbo àlejò ká ẹsẹ̀ wọn sórí àga. Ife kìíní kún, kò dà. Ìkejì kún. Ìkẹta, ikọ́ kan mú Ilé Kíndìnrín lójijì, Alhájà gbọ́ ohùn tí kì í ṣe ti ife, tíì náà sì gba orí itan Alhájì Búsérì lọ. Alhájì fò dìde, ó sì dúró ṣánṣán lórí orúnkún tuntun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹni tó ń kọ́ ọ ní ìrìn ti ń bẹ̀ ẹ́ kó tẹ ẹsẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀.

"Ẹ dúró bẹ́ẹ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ má jókòó. Alhájà, ẹ tún dà díẹ̀ sí i."

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ilé ló ń bẹ Alhájà kó wá da tíì fún wọn. Ìfófò rẹ̀ ga débi pé àwọn kan sọ pé fìlà wọn ló kọ́kọ́ tutù. Ó ń dà, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń bú onílé, kò sì sí ẹ̀dá tó rántí wò ó pé ife tirẹ̀ gbẹ. Ní àárọ̀ Túsìdeè, ẹ̀rọ pe ọgọ́jọ. Nọ́ọ̀sì tún gbọ̀n ọ́n, dókítà sì ṣe ojú kan fún Alhájà lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n tú ọ̀já lójú rẹ̀, dókítà ló kọ́kọ́ rí. Ó wò ó pẹ́.

"Ṣé ọmọ kékeré báyìí ni mo gbé ojú mi fún? Ọlọ́run ṣeun tí mi ò ríran."

Ó ku ọjọ́ méjì kí ìgbéyàwó wáyé nígbà tí wọ́n dé Gàríyàn. Ní ọjọ́ ìyàwó, Alhájà wọ yàrá tí wọ́n ti ń múra fún ọmọ rẹ̀, awò tuntun lójú. Ó sún mọ́ ọmọbìnrin tó jókòó sáàárín wúrà, ó wo ọ̀tún rẹ̀, ó wo òsì.

"Ta nìyí?"

"Èmi ni, Màámi. Náwálì."

"Irọ́ ni. Náwálì ní àpá lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, níbi tí ewúrẹ́ ti kàn án."

"Ó wà lábẹ́ lẹ́búlẹ́bú yìí, Màámi."

"Ẹ bu omi wá."

Obìnrin tó kun ojú ìyàwó náà wọ́ ara rẹ̀ sáàárín wọn. "Alhájà, ẹ ṣàánú mi. Wákàtí mẹ́rin ni mo fi kùn ún."

"Èmi náà, ọdún mẹ́rin ni mo fi dúró."

Náwálì bú sẹ́rìn-ín, lẹ́búlẹ́bú sán lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ògiri àtijọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló fa abọ́ omi sọ́dọ̀, ó wọ́ ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì fọ ojú náà mọ́ tónítóní. Àpá ewúrẹ́ yọ. Imú yọ, imú bàbá rẹ̀ gan-an, Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Alhájà fà á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó di àgbọ̀n rẹ̀ mú, ó sì wò ó títí omi fi gbẹ lójú àwọn méjèèjì.

"Ó dáa," ló wí níkẹyìn, ó sì yíjú sí obìnrin náà. "O lè wá kùn ún padà. Ṣùgbọ́n rọra o, mò ń wò ọ́."