Omi Ẹran Lọ́jọ́ Kọkànlá Òṣùpá

Ìyá ará Íńdíà kan ni mo ń tọ́jú ní Shooters Hill lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé ìlú òyìnbó. Mummy ni mo ń pè é. Ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, èmi ni mo ń bá a ka kàlẹ́ńdà tó kọ́ sí kíṣìnì láràárọ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìgbà tí oòrùn bá yọ ni ọjọ́ tiwọn ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe aago méjìlá òru. Òṣùpá ní ọjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó bá ń dàgbà, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó bá ń joro. Wọ́n tún máa ń pín ojúmọmọ sí ọ̀nà mẹ́jọ. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ò dára láti bẹ̀rẹ̀ nǹkan tuntun. Bí dókítà bá pè lásìkò yẹn láti fún un lọ́jọ́, Mummy á ní kó ṣe sùúrù. Mummy kì í jẹ ẹran rárá, torí ẹ̀sìn rẹ̀. Lọ́jọ́ kọkànlá òṣùpá, kì í fẹnu kan ìrẹsì tàbí ẹ̀wà pàápàá.

Auntie kan tá a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Thamesmead ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ kọkànlá kan, mo gbàgbé fóònù, mo padà wá mú un. Mo bá Auntie tó ń da omi ẹran adìyẹ láti inú fúláàsì rẹ̀ sórí ọ̀dùnkún Mummy. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń ṣe é, pé òun ń fi fọ́ agbára kàlẹ́ńdà òrìṣà yẹn ni.

Ó rí mi lára. Ọwọ́ yẹn náà ló ń nà sókè níwájú pẹpẹ lọ́jọ́ Sunday. Mo sì kórìíra ara mi, torí ó ti fi kàlẹ́ńdà náà ṣe yẹ̀yẹ́ létí mi rí, mo bá a rẹ́rìn-ín.

Mo da oúnjẹ náà sínú bíìnì. Mo ní, "Auntie, ẹ máa lọ sílé."

"Torí abọ̀rìṣà?"

"Torí arúgbó tí kò ríran."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Mummy. Kò pariwo. Ẹ̀ẹ̀melòó ni, ló bi mí. Mi ò mọ̀. Ó ní kí n mú òun dé ibi ẹ̀rọ omi, ó ń fomi fọ ẹnu títí aṣọ rẹ̀ fi rin gbindin. Kò jẹ nǹkan kan títí oòrùn ọjọ́ kejì fi yọ.

Mo fẹjọ́ sun ọ́fíìsì tó gbà wá síṣẹ́, wọ́n mú Auntie kúrò níbẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní mo ta arábìnrin mi. Mi ò lọ mọ́.

Lóṣù tó kọjá èmi àti Auntie pàdé nínú fẹ́rì Woolwich, ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn sọdá odò. Ó fi ẹ̀rín kí mi, ó béèrè àwọn ọmọ mi. Mo dìde, mo lọ dúró síta nínú òjò.