Afurasí Ọdún Mẹ́sàn-án

Tó bá jẹ́ pé wọ́n ń fi àtìmọ́lé gba oyè ni, obìnrin tó ń gbálẹ̀ ní ẹ̀ka ìmọ̀ òfin ì bá ti di ọ̀jọ̀gbọ́n tipẹ́. Odindi ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń mú un. Wọ́n ti mú un pé ó jalè, wọ́n ti mú un pé ó ṣe ìwọ́de, wọ́n ti mú un nítorí pé ó wo ọlọ́pàá lójú. Ọjọ́ Ẹtì kan tiẹ̀ wà tí wọ́n mú un lẹ́ẹ̀mẹta kí ọ̀sán tó pọ́n, ó sì tún ráyè nu fèrèsé.

Olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ló fà á. Olùkọ́ náà ní ẹni tó bá kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, inú odò ni yóò ti mọ̀ pé òun kò mọ nǹkan kan. Ló bá sọ yàrá kan lẹ́yìn ilé ìkàwé di àgọ́ ọlọ́pàá: tábìlì gíga níwájú bíi káńtà, ìwé ńlá kan lórí rẹ̀, bẹ́ǹṣì kan lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù fún ẹni tí wọ́n tì mọ́lé. Awakọ̀ ẹ̀ka náà ni ọlọ́pàá, agbálẹ̀ ni afurasí. Akẹ́kọ̀ọ́ á wọlé, á gbìyànjú láti gba afurasí sílẹ̀. Bó bá ti ṣe àṣìṣe, Olùkọ́ á lu agogo kékeré ọwọ́ rẹ̀, kóńkóń! Eré á dúró, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

Agogo yẹn kì í sinmi. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ka òfin orílẹ̀-èdè láti òkè délẹ̀ títí awakọ̀ fi ń hanrun lórí káńtà. Òmíràn, tí wọ́n ń pè ní Onítáì nítorí pé ó jọ pé táì ni wọ́n fi so ìwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, bọ ọlọ́pàá lọ́wọ́, ó kí i kú iṣẹ́, ó sì gbàgbé ẹni tó wá gbà sílẹ̀.

"Ìwé ńlá yẹn!" Ohùn á jáde láti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. "Orúkọ ta ni wọ́n kọ síbẹ̀? Aago mélòó ni wọ́n mú mi dé? Àbí ẹ fẹ́ kí n ta gbòǹgbò síbí ni?"

"Màmá, afurasí kì í sọ̀rọ̀!" ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á pariwo.

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ béèrè ìwé!"

Bí wọ́n ṣe ń pè é ní Afurasí nìyẹn, ó sì ń dáhùn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó ń nu ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni, èyí tó ń tún fìríìjì ṣe. Àwọn ọlọ́pàá wá mú télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, wọn ò bá a, wọ́n sì mú òun dípò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní tó bá di aago mẹ́ta, ọkọ̀ á wá kó wa lọ sí olú iléeṣẹ́ wọn."

Ibi tí àbúrò rẹ̀ dárúkọ yẹn, bí ènìyàn bá wọ ibẹ̀ lónìí, òjìji rẹ̀ gan-an á tó oṣù mẹ́ta kó tó padà wálé. Aago kan ti kọjá. Olùkọ́ ti rìnrìn àjò, fóònù rẹ̀ kò lọ. Onítáì nìkan ló jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń tún táì rẹ̀ so.

"Onítáì, dìde."

"Màmá, ṣé a ní eré lónìí ni?"

"Eré ti tán. Àbúrò mi ni wọ́n mú."

Wọ́n dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ohun tí Afurasí wá ṣe níbẹ̀, kò sí ẹlòmíràn láyé tó lè ṣe é. Bó ṣe wọlé, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà, ó bọ́ bàtà, ó sì jókòó pẹ̀sẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì àwọn tí wọ́n mú.

Ọlọ́pàá ìdí káńtà yọjú wò ó. "Màmá! Kí lẹ ń wá níbẹ̀ yẹn?"

Afurasí wò yíká, kò rí Olùkọ́, kò gbọ́ agogo. Ojú tì í. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó padà síwájú káńtà. "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ẹsẹ̀ ló mọ ọ̀nà ibẹ̀."

"Ta tiẹ̀ ni yín? Ṣé lọ́yà ni yín?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Afurasí ni mí. Ó di ọdún mẹ́sàn-án báyìí."

Ẹnu ọlọ́pàá là débi pé eṣinṣin lè wọ ibẹ̀ kọ́ ilé alájà méjì. "Ọdún mẹ́sàn-án! Ní àgọ́ wo?"

"Ẹ̀yìn ilé ìkàwé. Àbúrò mi tó ń tún fìríìjì ṣe ni mo wá gbà."

"Ẹjọ́ jìbìtì ni. Ó di olú iléeṣẹ́."

Onítáì tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe. "Gẹ́gẹ́ bí abala karùndínlógójì…"

"Kóńkóń!" Afurasí fi ẹnu lu agogo náà débi pé ajá tó sùn lẹ́nu ọ̀nà bẹ́ sókè.

Onítáì pa abala náà tì. Lẹ́yìn náà ló rọra ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa ṣí ìwé yín. Orúkọ ta ni ẹ kọ? Ẹ̀sùn wo? Aago mélòó ni ẹ mú un dé?"

Afurasí bojú wò ó bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́.

Ọlọ́pàá ṣí ìwé. Ìka rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ìlà, ó dúró. Orúkọ télọ̀ ni wọ́n kọ. Jìbìtì aṣọ ni wọ́n kọ. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀.

"Ó dáa," ni Afurasí wí. "Ẹ bá wa pe télọ̀ náà jáde ká kí i."

Kẹ́kẹ́ pa. Ìdákẹ́jẹ́ náà pọ̀ débi pé ó jí ọ̀gá àgọ́ náà ní yàrá inú. Ó jáde wá. "Kí ló dé?"

"Ọ̀gá, ẹni tó wà nínú ìwé kò sí nínú àtìmọ́lé," ni Onítáì wí. "Ẹni tó wà nínú àtìmọ́lé kò sí nínú ìwé. Wọ́n mú un dípò ẹlòmíràn."

Afurasí ti yọ bírò àti ìwé tó fi ń kọ iye ọṣẹ tó kù. "Ẹ bá mi pe orúkọ yín dáadáa, ọ̀gá, kí n má baà kọ ọ́ ṣì. Aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú ni mo kọ."

Ọ̀gá wo ìwé ńlá, ó wo ìwé ọṣẹ, ó wo ọlọ́pàá rẹ̀ bí ẹni tó rí àáyá nínú ìkòkò ọbẹ̀. "Ta ló ní kí ẹ mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn? Ẹ ṣílẹ̀kùn fún ọkùnrin yìí!"

Nígbà tí ọkọ̀ olú iléeṣẹ́ dé láago mẹ́ta, atúnfìríìjìṣe ti wà lójú títì, ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, èkejì lásán, ó ń sáré tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, níbo lẹ ti kọ́ gbogbo èyí?"

"Inú àtìmọ́lé ni," ló fèsì, kò tiẹ̀ wẹ̀yìn.

Kó tó di ọjọ́ Ẹtì tí Olùkọ́ dé, ìròyìn ti sanra: ènìyàn méjìlá ni Afurasí tú sílẹ̀, ọ̀gá ọlọ́pàá sì ti bá a gbé báàgì dé ilé. Olùkọ́ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an lẹ́nu Onítáì, ó yọ agogo kékeré náà lápò, ó sì fi lé agbálẹ̀ lọ́wọ́ níwájú gbogbo kíláàsì. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí ògiri fi fẹ́ bẹ̀bẹ̀.

Onítáì ló di afurasí lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kan wọlé, ó na ọrùn, ó ní, "Gẹ́gẹ́ bí abala…"

Kóńkóń!