Bí Mo Ṣe Lọ Wádìí Ìdílé Onífọ́ọ̀ ní Jẹ́dà

Wọn kò tíì pe ìrun àsùbáà nígbà tí mo jáde nílé wa ní Àbídíyà, ní Mẹ́kà. Iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì ni mo ń ṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé mi dìde lọ́jọ́ náà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tó ti dolóògbé ló pè mí láti Ìsẹ́yìn. Ó ní, "Ọkọ mi, Mutiu ọmọ wa ní ọmọ Fiẹtináàmù kan lòun fẹ́ fẹ́ ní Jẹ́dà níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní oúnjẹ làwọn òbí rẹ̀ ń tà. Ẹ bá mi lọ wo irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́. Ohun tí ẹ bá sọ labẹ gé."

Ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀. Nínú ẹbí wa, èmi ni ọ̀gá nídìí ìwádìí àna. Kí a tó gba ọmọ ẹnikẹ́ni sílé, a ní láti mọ̀ bóyá oníjà ni wọ́n, bóyá àrùn kan ń bá ìdílé wọn rìn. Bí a bá bi wọ́n, wọn kò ní sọ. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà á dé bí àlejò tó ń kọjá lọ, á ra nǹkan lọ́wọ́ wọn, á lajú sílẹ̀, á sì bi ará àdúgbò. Mo ti ṣe é fún ìgbéyàwó mẹ́ta, èmi náà ni mo sì tú ìkẹrin ká. Kí n má purọ́, mo fẹ́ tú èyí náà ká, nítorí ọmọ tó wù mí kí Mutiu fẹ́ wà ní Ìsẹ́yìn.

Mo kírun tán, mo wọ ọkọ̀ èrò nítòsí Mọ́sáláṣí Háráámù, rìyáàlì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nílé, awakọ̀ á fún èrò mẹ́rin mọ́ àyè ẹni mẹ́ta. Níbí, kálukú ló na ẹsẹ̀ rẹ̀, títì náà sì tẹ́jú débi pé mo fẹ́ẹ̀ sùn lọ. Awakọ̀ wa, ará Yẹ́mẹ̀n, bi mí pé, "Dókítọ̀, kí lẹ ń wá lọ sí Híńdáwíyà láàárọ̀ kùtù?"

Mo ní oúnjẹ ni mo fẹ́ lọ jẹ.

Ó rẹ́rìn-ín. "Láti Mẹ́kà? Ìyàwó wà nínú oúnjẹ yẹn."

Híńdáwíyà jẹ́ àdúgbò àtijọ́ ní gúúsù Jẹ́dà, ilé há mọ́ ilé, àjèjì ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Mo kọ́kọ́ lọ bá oníbúrẹ́dì tó múlé ti ilé oúnjẹ bàbá ọmọ náà. Mo bi í irú ènìyàn tí aládùúgbò rẹ̀ jẹ́. Kò tiẹ̀ gbójú kúrò lára búrẹ́dì rẹ̀. Ó ní, "Ọdún mẹ́sàn-án rèé, n kò gbọ́ ariwo rẹ̀ rí." Mo ní lọ́kàn mi pé ìyẹn ò tíì tó.

Ilé oúnjẹ náà kò ju tábìlì mẹ́fà lọ. Bí òfin ìlú náà ṣe rí nígbà yẹn, ó ní ẹnu ọ̀nà méjì, ọ̀kan fún ọkùnrin tó dá wá, ọ̀kan fún ẹni tó kó ìdílé rẹ̀ wá. Aṣọ ìkélé ló wà láàárín wọn. Apá ọkùnrin ni mo jókòó sí, n kò sì rí ìyá, n kò rí ọmọ. Bàbá arúgbọ̀n funfun kan tó dé fìlà ló gbé abọ́ wá, rìyáàlì méjìlá. Fọ́ọ̀ ni omi egungun màlúù tí wọ́n fi atalẹ̀ sè mọ́jú, tí wọ́n dà sórí okùn ìrẹsì tó jọ sùpàgẹ́tì. Àárọ̀ ni wọ́n ń jẹ ẹ́, bí àwa ṣe ń mu ẹ̀kọ. Òórùn rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹran pẹlẹbẹ tó wà lórí rẹ̀ pupa yòò, bí ìgbà tí alápatà ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e!

Mo pe bàbá náà padà, mo fi Lárúbáwá sọ fún un pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹran yìí ò jinná. Ẹ lọ sè é fún ogún ìṣẹ́jú."

Ó wò mí títí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì jókòó. "Omi gbígbóná inú abọ́ ló ń sè é. Láti ọjọ́ tí mo ti ṣílé yìí, ẹnì kan ṣoṣo ló tíì ní kí n lọ sè é fún ogún ìṣẹ́jú. Mutiu ni. Ẹ̀yin ni bàbá rẹ̀ tó wà ní Mẹ́kà, àbí?"

Ojú tì mí. Èmi ọ̀gá olùwádìí, ẹran lásán ló tú mi fó.

Bàbá Yúsúfù, onílé oúnjẹ náà, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Oṣù mẹ́rin ni ọmọ yín ti ń sọ pé bàbá òun ń bọ̀. Ẹlòmíràn ti wá béèrè Sálímà ọmọ mi, tòun ti bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun ìṣáà òní ni mo fẹ́ dá wọn lóhùn." Ó dìde, ó di aṣọ ìkélé mú. "Àlejò ń jẹun níhìn-ín. Ẹbí ń jẹun lọ́hùn-ún. Èwo lẹ jẹ́?"

Òótọ́ ni Mutiu pè mí lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn pé kí n wá bá òun tọrọ ọmọ náà. Mo ní iṣẹ́ pọ̀. Ó tún pè, mo tún ní iṣẹ́ pọ̀. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá wà láyé, ọ̀sẹ̀ kan kò ní kọjá kó tó dé ibẹ̀. Ọkàn mi gbọgbẹ́. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé abọ́ mi, mo sì wọlé lọ́hùn-ún.

Ìyá ilé àti Sálímà ń já ewé, wọ́n bo orí wọn. Ọmọ náà dìde, ó kí mi, ó wo abọ́ mi. "Àmmì," ìyẹn ni pé àbúrò bàbá, "ṣé kí n tún un sè ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo tọ́ ọ wò. Ó ti jinná. Mo sọ ohun tí bàbá ọkọ ìyàwó ń sọ, mo tọrọ Sálímà fún Mutiu, Bàbá Yúsúfù sì gbà. Nígbà tí mo pe Mutiu pé ilé àwọn àna rẹ̀ ni mo wà, ṣe ló ń fa imú.

Lójú ọ̀nà ìpadàbọ̀, ọlọ́pàá wo ìkámà wa, ìyẹn ìwé ìgbélùú, mo sì délé kí wọ́n tó kírun àsàrì. Mo pe Ìsẹ́yìn.

"Ọkọ mi, kí lẹ rí?"

"Mo rí ìdílé kan tó ń pa ọmọ rẹ̀ tì."

"Áà! A ò ṣe mọ́ nìyẹn!"

"Àwa ni ìdílé náà, Àlàájà. Wọ́n sì gbà wá bẹ́ẹ̀."