Ẹ Bá Mi Di Ọ̀pá Yìí Mú

Bàbá mi ṣubú lórí àpáta lọ́dún tó kọjá, àwọn ẹ̀gbọ́n mi sì pinnu pé bí Bàbá bá tún ṣubú pẹ́nrẹ́n, àwọn á mú wọn lọ sí Kútọnu. Bàbá bẹ̀rù Kútọnu ju ikú lọ. Wọ́n ní kò sí òkè níbẹ̀ téèyàn lè gbójú lé. Síbẹ̀, ọ̀pá ìtilẹ̀ tí mo rà fún wọn ní Glazoué, wọn ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe arúgbó. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ fi í dáná.

Mo wá rántí Àlájà aláṣọ kan lọ́jà Dassa. Kì í bẹ èèyàn kó rajà. Á kàn ní kó o bá òun di aṣọ kan mú kí òun wá àlùmọ́gàjí. Á wá a títí. Kó tó rí i, ìka rẹ á ti mọ aṣọ náà, ìyókù tó wà lórí àtẹ á sì máa ṣe ọ́ bí àpò sìmẹ́ǹtì. Àpótí mi kún fún aṣọ tí mi ò pète láti rà.

Ni mo bá sọ ọ̀pá di tèmi, mo ní orúnkún ń dùn mí. Bá a bá ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, okùn bàtà mi á tú, gèlè á yẹ̀, ọmọ á sunkún lẹ́yìn mi. "Bàbá, ẹ bá mi di ọ̀pá yìí mú." Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ń dì í mú bí ẹni di ìrù ejò mú. Nígbà tó yá, wọ́n ń gbàgbé láti dá a padà.

Lóṣù kẹjọ, tí èrò tó ń wá gbàdúrà kún ibi ìjọsìn inú àpáta ní Arigbo, àlejò kan fẹ́ gbé àpò rẹ̀ kọ́ orí ọ̀pá náà. Bàbá já a gbà. "Tèmi nìyẹn."

Mo béèrè ọ̀pá mi lọ́nà ilé. Wọ́n ní kí n lọ ra tèmi ní Glazoué, wọ́n sì gun òkè ṣáájú mi.

Mo fi ọgbọ́n mi yangàn fún ìyá mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní nígbà ọ̀dọ́ àwọn, lọ́nà oko Tré, ẹ̀gún kì í yé gún Bàbá lẹ́sẹ̀, àwọn ni Bàbá sì máa ń ní kí wọ́n bá òun di ọkọ́ mú.

"Mo wo àtẹ́lẹsẹ̀ náà," ni ìyá mi wí. "Kò sí ẹ̀gún kankan níbẹ̀. Àmọ́ ọkọ́ ti mọ́ mi lọ́wọ́."

Ọkọ́ ọ̀hún ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wọn. Wọn kì í jẹ́ kí Bàbá fọwọ́ kàn án.